Ilé Wo Ni Màá Jí Sí?

Ìlara ló kọ́ mi ní èdè Haúsá. Mi ò ní purọ́ nípa rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn máa ń sọ pé inú ọjà làwọn ti gbọ́ ọ, tàbí lẹ́nu aládùúgbò. Èmi, ẹnu ọ̀nà kíláàsì obìnrin mìíràn ni mo ti kọ́ ọ, níbi tí mo ti ń dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, tí mo ń wá ọ̀nà láti mọ ohun tó sọ tí àwọn ọmọ fi ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn Yorùbá tó ń ka ìwé ní Faransé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣe olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ mi ti ṣáájú mi lọ sí Kàdúná, ó ń ṣiṣẹ́ wẹ́dà ní Makera. Nígbà tó ní kí n máa bọ̀, mo ká ìwé ẹ̀rí mi sínú ọ̀rá méjì kí omi má bàa kàn án. Mo rò pé ohun tó níye lórí jù nínú ẹrù mi nìyẹn.

Ọyẹ́ ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Ètè mi ya, imú mi ń ṣẹ̀jẹ̀, eruku pupa jókòó sórí gbogbo ohun tí mo bá fọ̀. Mo gba ìyẹn. Èyí tí mi ò retí ni ti èdè. Wọ́n ti sọ fún mi pé Yorùbá pọ̀ ní Kàdúná, lóòótọ́ sì ni, ilé Yorùbá mẹ́ta ló wà ní àgbàlá wa ní Kamazou. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu, obìnrin tó ń gbé òdìkejì wa pe àwọn ọmọ rẹ̀ síta. "Ẹ wá gbọ́ bí Àgànyìn ṣe ń sọ Yorùbá!" Kò fi ṣe ìkà, ó fún mi ní ọbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ronú kí n tó sọ ohunkóhun. Àwọn ọmọ rẹ̀ sì nìyẹn, bí ó bá ní "Lọ pọn omi wá," wọ́n á dáhùn pé, "To, Mama, ina zuwa," pé ó dáa, àwọn ń bọ̀. Ìyá ń sọ èdè kan, ọmọ ń fi òmíràn dáhùn, wọ́n sì ń gbọ́ ara wọn yékéyéké. Èmi nìkan ni mi ò mọ ibi tí mo wà.

Nígbà tí oṣù díẹ̀ kọjá, mo mú ìwé ẹ̀rí mi lọ sí ilé ìwé aládàáni kan ní àdúgbò. Obìnrin tó ni ín, tí gbogbo wa ń pè ní Mọ́dáàmù, Yorùbá ni, Kakuri, ní Kàdúná níbẹ̀ náà, ni wọ́n bí i sí. Ó yí ìwé náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Kí lèyí?"

"Ìwé ẹ̀rí mi ni, mà. Olùkọ́ ni mí."

"Faransé ni gbogbo ẹ̀. Àwọn òbí tó ń bọ̀ níbí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wá rà. Ṣé ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?"

"Díẹ̀, mà."

"Haúsá ńkọ́?"

"Rárá, mà."

Ó dá ìwé náà padà fún mi jẹ́jẹ́, bí ẹni ń dá ọmọ ọlọ́mọ padà. "Mo ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké. Kó máa nu imú wọn, kó máa gbálẹ̀, kó máa fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́."

Mo ní mo fẹ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé sọ mí ní Àǹtí Kótónù. Mo sọ fún wọn títí pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé Kótónù rí, pé Kétu sún mọ́ Ìmẹ̀kọ ju Kótónù lọ. Wọ́n á ní, "Yes, Àǹtí Kótónù."

Ẹni tí mo jowú rẹ̀ ń jẹ́ Ráṣídà. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Hayin Banki, ní Kàdúná náà, ni wọ́n bí òun sí, ó sì kéré sí mi ní ọdún méje. Kò kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ìṣirò owó ló kà ní pólì, kò ríṣẹ́, ló fi wá gba Kíláàsì Kẹrin. Tó bá wọlé láàárọ̀, á fi Haúsá kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, á bi í léèrè ìyàwó àti ọmọ, á fi Gẹ̀ẹ́sì dá Mọ́dáàmù lóhùn, á sì fi Yorùbá Ìlọrin bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù kó tó dé kíláàsì. Ẹnu kan náà, láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn ọmọ á máa jà nítorí ẹni tí yóò bá a gbé báàgì. Èmi á wà níbẹ̀ pẹ̀lú garawa omi, máa sì máa wá àlèébù lára rẹ̀. Mo wò ó bóyá híjáàbù rẹ̀ wọ́. Mo wò ó bóyá ìkọ̀wé rẹ̀ lójú pátákó tẹ̀. Kò tẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó ní kí àwọn ọmọ kọ ohun tí wọ́n fẹ́ dà lọ́jọ́ iwájú. Ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Nígbà tó ka ìwé wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ohun kan náà ni gbogbo wọn kọ, pé àwọn máa di dókítà, àwọn máa gba ẹ̀mí là. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn. Èmi ní Kétu, inú mi ì bá dùn.

Ó jókòó sórí tábìlì rẹ̀, ó na ọwọ́ sí ọmọkùnrin kan. "Ó dáa, o ti di dókítà. Lónìí, o ti pé ọgbọ̀n ọdún. Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́. Ilé wo lo jí sí? Kí lo gbọ́ níta? Ta ló wà nínú ilé pẹ̀lú ẹ? Níbi iṣẹ́ ẹ, kí ló ṣòro? Ta ló dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ, ta ló bínú sí ẹ?"

Ọmọ náà kọ́kọ́ wo ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá òun lè fi Haúsá sọ ọ́.

"Kọ́kọ́ sọ ọ́ bó ṣe wà nínú ẹ," Ráṣídà dá a lóhùn. "Tó bá yá, a ó jọ wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde nìyẹn. Ọ̀kan fi Yorùbá sọ pé nọ́ọ̀sì lòun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ máa ń dun òun tóun bá dé ilé. Ọmọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn po Haúsá mọ́ Yorùbá, ó ní òun kì í ṣe dókítà mọ́, télọ̀ lòun, oníbàárà kan sì wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń pariwo nítorí wando tí kò tíì parí, ọ̀la sì ni Sállà. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń gbá tábìlì. Èmi nìkan ni mi ò rẹ́rìn-ín, nítorí mi ò mọ ohun tí wando jẹ́. Mo di ọ̀rọ̀ náà mú dé ilé, mo bi obìnrin òdìkejì wa. Ó ní ṣòkòtò ni. Ọ̀rọ̀ Haúsá tí mo kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara mi wá nìyẹn, inú ló bí mi tí mo fi wá a.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ó dáa. Ká ní kò dáa ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín kí n sì gbàgbé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ gbólóhùn sójú pátákó ní Kétu, tí àwọn ọmọ ń dà á kọ. Mi ò bi ọmọ kankan léèrè ilé tó máa jí sí rí. Obìnrin tó kọ́ ìṣirò owó yìí wá bi wọ́n láìka ìwé kankan, èmi tí mo ní ìwé ẹ̀rí sì wà lẹ́nu ọ̀nà tí mo ń gbálẹ̀.

Ọjọọjọ́ Àìkú lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni mo máa ń pe ìyá mi. Mo ti sọ fún un pé mo ti ríṣẹ́ ní ilé ìwé. Mi ò sọ irú iṣẹ́ tó jẹ́.

"Ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì rẹ?" ó bi mí lọ́sẹ̀ yẹn.

"Méjìlélọ́gbọ̀n, Ìyá."

"Kí lo kọ́ wọn?"

Mo sọ ti télọ̀ àti ti wando fún un. Mo sọ gbogbo ìbéèrè náà, mo sì fi "mo" sí ibi gbogbo tó yẹ kí n fi "ó" sí. Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́. Ó ní òun máa sọ ọ́ fún àwọn ará ilé. Nígbà tí mo pa fóònù, ó ṣe mí bíi pé mo ti jẹun nínú àwo ẹlòmíràn, ebi ṣì ń pa mí.

Ọjọ́ àwọn òbí ń bọ̀. Ráṣídà fẹ́ kí àwọn ọmọ ka ohun tí wọ́n kọ níwájú bàbá àti ìyá wọn. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Mọ́dáàmù bá mi níbi tí mo ti ń fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Kíláàsì Kẹrin ńkọ́? Ṣé iṣẹ́ wọn ń lọ?"

Ǹ bá ní ó ń lọ, kí n sì máa fọ ilẹ̀ mi. Dípò ìyẹn mo ní, "Ó ń lọ, mà. Ṣùgbọ́n Haúsá àti Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ́."

Gbólóhùn kan péré ni. Ní ilé ìwé yẹn, wọ́n kì í fi àyè gba èdè mìíràn nínú kíláàsì yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni Mọ́dáàmù fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó wọ inú kíláàsì lọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn ògiri. Mo gbọ́ Ráṣídà tó ń ṣàlàyé, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ ọ mọ́. Kó tó di ìdajì ọ̀sẹ̀, wọ́n ti gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ mìíràn kọ gbólóhùn mẹ́wàá sójú pátákó, àwọn ọmọ dà á kọ, wọ́n sì ń kà á sókè lójoojúmọ́ bí ẹni ń ka ìlọ́po. Gbogbo wọn tún ti di dókítà.

Ibi tí wọ́n wá gbé Ráṣídà sí ni kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, lọ́dọ̀ mi.

Mi ò ronú kan ìyẹn. Mo ti fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, mi ò mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ mi ló máa sọ̀ sí. Ojú rẹ̀ pọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó jókòó lórí àga kékeré. "Wọ́n ní ẹnì kan ló lọ sọ," ó ní. "Mi ò bínú. Ọlọ́run mọ ẹni tí í ṣe." Mo fa ọmọ kan mọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu imú tí kò ní ikun.

Ó ṣe dáadáa sí mi. Ó ń kọ́ mi ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí àwọn ọmọ bá sùn lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan, ó ń tiraka láti mú ọmọ kan fa ìlà, ọmọ náà ń sunkún. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ fi ìka fà á sórí iyanrìn." Ọmọ náà fà á. Ráṣídà wò mí.

"Ta ló kọ́ yín nìyẹn?"

Mo sọ fún un. Ó pa ọwọ́ pọ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án? Wallahi, ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ wà ní kíláàsì yẹn, kì í ṣe èmi."

Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń sọ fún ara mi láti ọdún kan nìyẹn. Nígbà tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, kò dùn mọ́ mi rárá.

Ó fa ìwé àwọn ọmọ náà yọ nínú báàgì rẹ̀. Kò dà wọ́n nù. Ó ń kà wọ́n fún ara rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ tó bá ń lọ sílé. Òfìfo ni ọ̀kan nínú wọn, orúkọ nìkan ló wà lórí rẹ̀: Jùmọ̀kẹ́. "Mo ti ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún ọmọ yìí, kò kọ nǹkan kan. Àǹtí, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀."

Mo gbà. Kí n má purọ́, mo gbà nítorí pé mo fẹ́ ṣe ohun tí òun kò lè ṣe.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Jùmọ̀kẹ́, bàbá rẹ̀ ń wa tírélà. Mo bá a lábẹ́ igi dóńgóyárò lásìkò eré. Mo bi í ìdí tí kò fi kọ nǹkan kan.

"Ban san gidan ba."

Mo ti gbọ́ tó láti mọ̀ pé ilé ló ní òun kò mọ̀. "Ilé wo?"

Ó bọ́ sí Yorùbá, ó ń ṣà á jọ díẹ̀díẹ̀. "Àǹtí ní ká kọ ilé tá a máa jí sí. Bàbá mi ní tá a bá dàgbà, a máa padà sílé, ní Ọ̀ffà. Mi ò dé Ọ̀ffà rí. Ibí ni mo mọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ibí kì í ṣe ilé wa. Tí mo bá kọ Kàdúná, Bàbá máa bínú. Tí mo bá kọ Ọ̀ffà, irọ́ ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, mo jí, mo sì na ọwọ́ sí apá òsì láti ṣí fèrèsé. Kétu ni fèrèsé ti wà lápá òsì. Ní Kamazou, ògiri ni ọwọ́ mi kàn. Mo ti rò pé èmi àjèjì nìkan ni nǹkan báyìí ń ṣe. Ọmọ tí wọ́n bí síbí rèé, tí kò mọ ògiri tó yẹ kó na ọwọ́ sí. Mo rò ó pé bóyá Ráṣídà náà, pẹ̀lú gbogbo èdè ẹnu rẹ̀, ní ìdáhùn tí òun náà kò lè kọ.

"Fi ilé sílẹ̀ ná," mo ní. "Èmi náà ò mọ tèmi. Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Zan tuƙa jirgin ƙasa!" Ó fi ọwọ́ hàn mí nítorí pé mi ò tètè gbọ́: ọkọ̀ ojú irin. Òun ló máa wà á.

"Ibo lò ń wà á lọ?"

Ojú rẹ̀ ṣàdédé là. "Bàbá mi ní ojú irin Kàdúná dé Ọ̀ffà!"

Kò dúró gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ó ti sáré lọ mú bírò.

Ó kọ ojú ewé méjì. Ó jí ní Kàdúná, ó gbọ́ ohùn àwọn tó ń ta kosai, àkàrà àwọn Haúsá, ó kí ìyá rẹ̀. Ó wa ọkọ̀ náà kọjá odò àti igbó, ó jẹun ọ̀sán ní Ọ̀ffà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, ó sì padà. Obìnrin kan bínú sí i nítorí pé ọkọ̀ pẹ́. Ní ìparí ó kọ ọ́ pé ilé òun gùn, pé ó bẹ̀rẹ̀ láti ibí dé ọ̀hún.

Ráṣídà kà á, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbá mi mọ́ra. "Àǹtí, ẹ ti jù mí lọ."

Ohun tí mo ń wá láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Mi ò lè gbà á. Mo ní, "Èmi ni mo sọ fún Mọ́dáàmù."

"Kí lẹ sọ?"

"Pé Haúsá àti Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ́."

Apá rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn mi. "Kí ni mo fi ṣe yín?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Mo ń ṣe ìlara yín ni."

Ó yọ apá rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀. "To," ó ní. Ó gbé àga rẹ̀ lọ sí òdìkejì yàrá, ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa sì parí lọ́jọ́ yẹn.

Mo mú ìwé Jùmọ̀kẹ́ lọ bá Mọ́dáàmù. Mo sọ fún un pé ìlara ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi nígbà yẹn, kó jọ̀wọ́ ka èyí. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò gún."

"Kò gún, mà. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni."

Ó wò mí pẹ́, bíi pé ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Ó ní Jùmọ̀kẹ́ lè kà á lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti ka tiwọn tán.

Lọ́jọ́ àwọn òbí, àwọn yòókù ka gbólóhùn mẹ́wàá wọn pa pọ̀, àwọn òbí ń wo fóònù. Jùmọ̀kẹ́ dìde. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ sí Haúsá nígbà tó dé ibi àwọn oníkosai, ó fi Yorùbá kí ìyá àgbà rẹ̀ ní Ọ̀ffà. Kò sẹ́ni tó wo fóònù mọ́. Bàbá rẹ̀, ọkùnrin títóbi kan, dìde láàárín àwọn èèyàn kò sì rántí jókòó. Nígbà tí Jùmọ̀kẹ́ parí, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mọ́dáàmù bi í pé ta ló ràn án lọ́wọ́.

"Àǹtí Kótónù!"

Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ráṣídà wà lẹ́yìn pátápátá, ó pọn ọmọ kékeré kan. Mo fẹ́ kí n lè sọ pé ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni mo dìde. Rárá. Mo jókòó sínú ìyìn yẹn, mo gbádùn rẹ̀, mo fẹ́ kí ìyá mi wà níbẹ̀. Nígbà tí àtẹ́wọ́ fẹ́ parí ni mo tó dìde. Mo fi Haúsá sọ ọ́, kí gbogbo wọn lè gbọ́, pé kì í ṣe èmi, Àǹtí Ráṣídà ni: "Ba ni ba ce. Anti Rashida ce." Mo nawọ́ sí i. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí ohùn mi, ṣùgbọ́n wọ́n yíjú síbi tí mo nawọ́ sí.

Sáà tó tẹ̀ lé e, Mọ́dáàmù dá Kíláàsì Kẹrin padà fún un, ó sì fi mí ṣe igbákejì rẹ̀ níbẹ̀. Ráṣídà kò padà di ọ̀rẹ́ mi. Ó ń kí mi, mo ń kí i. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí, mi ò bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Mo pe ìyá mi, mo sọ òtítọ́.

"Nígbà náà, ìtàn obìnrin mìíràn ni mo ń sọ fún gbogbo Kétu."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Wá sọ tìẹ fún mi."

Mo sọ ti Jùmọ̀kẹ́ fún un. Kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní kí n tún un sọ.

Ìlara kò tíì tán lára mi. Tó bá sọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, nǹkan kan ṣì máa ń ta mí láyà. Ṣùgbọ́n Haúsá rẹ̀ yé mi báyìí, mo sì máa ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn kí n tó rántí bínú.

Ọ̀sẹ̀ kejì sáà náà, àwọn ọmọ tuntun wà níwájú wa, ìwé òfìfo wà níwájú wọn. Ráṣídà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó. Kò rẹ́rìn-ín sí mi. Ó na ṣọ́ọ̀kì sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ bí a ṣe ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ ilé," ó sì lọ jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ọmọ.

Mo kọjú sí wọn. Mo béèrè ní èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, níkọ̀ọ̀kan, pé ta ni kò mọ ilé tí òun máa jí sí.

Ọwọ́ mọ́kànlá ló nà sókè. Mo kà wọ́n tán kí n tó rí i pé ọ̀kan nínú wọn wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí Ráṣídà jókòó sí, tó ga ju ti àwọn ọmọ lọ.